Koríko Ẹ̀yìn Ilé Ìkẹyìn

Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kó tó dáhùn ìkíni tán, á ti máa béèrè pé, "Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ dà?" Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yẹ ilẹ̀ ilé tuntun wò kí ẹnikẹ́ni tó kó wọ̀ ọ́: ilẹ̀ gbọ́dọ̀ rọra sọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri, kí omi òjò lè ṣàn wọ gọ́tà, kí gọ́tà náà sì gbé e dé kòtò ńlá tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní fọwọ́ sí i, ẹ̀bẹ̀ ò sì ràn án.

Lórí ọ̀rọ̀ omi, kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí òjò bá ti ṣú, ìyá wọn á ti máa gbé ẹní àti bàtà ọmọ sórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ta ilé náà fún bàbá wọn ti búra pé omi kì í débẹ̀. Ìyá Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ń sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ pé, "Kọ́lékọ́lé àti kólékólé, bí ahọ́n bá yọ̀ díẹ̀, ọ̀kan ti di èkejì."

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn ilé tuntun kan tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí òkè ló lọ yẹ̀ wò. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ni fóòmánù níbẹ̀. Obìnrin náà ti sọ èyí fún ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, àmọ́ ọ̀gá ní kò sí ẹlòmíràn tó lè lọ.

Díẹ̀ ló kù kí ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́ àwọn ilé náà tà gbé e pọ̀n. Ó fún un ní omi tútù, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ lara ti kọ́kọ́ fu ú. Ọkọ àbúrò rẹ̀, tó ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ ìgbéyàwó, wá tẹríba, ó ní:

"Ẹ káàsán, Màdáámù."

Màdáámù kẹ̀? Ó wo ojú rẹ̀. Bàtà ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò.

Ó ta okùn, ó gbé lẹ́bùlù lé e láti mọ bí ilẹ̀ ṣe sọ̀. Iwájú àwọn ilé dára, gọ́tà sì mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ló wà níbi gbogbo, àfi ẹ̀yìn ilé ìkẹyìn, tí koríko tútù bò.

"Kí ló dé tó jẹ́ ibí nìkan lẹ gbin koríko sí?"

Ọ̀gbẹ́ni náà ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Ẹwà ni, Màdáámù. Ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ ibòòji."

"Ẹ̀yìn ilé lẹ wá ń ṣe lẹ́wà, ẹ fi iwájú sílẹ̀?" Ó yíjú sí fóòmánù. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni, Màdáámù."

Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ejò lọ́wọ́ nínú. Ó ní kí wọ́n pe táńkà omi wá. Ọ̀gbẹ́ni ní ọ̀nà ò dára, ó ní awakọ̀ ò sí nílé. Obìnrin náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù títí táńkà fi dé.

Wọ́n da omi sí gọ́tà lókè. Òun sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró létí kòtò ńlá, sẹ́nu páìpù tó yẹ kó gba abẹ́ ilẹ̀ gbé omi gọ́tà débẹ̀. Ó dúró, dúró, omi ò jáde, àfi alángbá tó yọjú. Lẹ́yìn náà lẹnìkan figbe ta lókè. Nígbà tó máa fi sáré débẹ̀, koríko ti wú bíi búrẹ́dì, omi ń ru jáde lábẹ́ rẹ̀, ó sì dorí kọ ògiri ilé. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni páìpù tó ti gọ́tà wá dúró sí; ti etí kòtò kàn jẹ́ ẹnu lásán. Wọ́n kàn ki àpò sìmẹ́ǹtì bọ̀ ọ́ lẹ́nu ni.

"Ìwọ lo bà mí níṣẹ́ jẹ́!" ni ọ̀gbẹ́ni náà ń pariwo mọ́ fóòmánù.

Ìyá Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò fọwọ́ sí ilé kankan. Ó ní kí wọ́n fa páìpù dé kòtò, kí wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ kún ẹ̀yìn ilé ìkẹyìn. Láti ibẹ̀, ilé àbúrò rẹ̀ ló gbà lọ.

"Ọkọ rẹ mọ̀ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò ní fura sí èmi náà lọ́la?" Ojú àbúrò ti pọ́n.

Ọkọ jáde láti inú yàrá. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi ní kí n fi iyẹ̀pẹ̀ bo ẹnu páìpù náà, kó má yàtọ̀ sí ìyókù. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbin koríko, torí mo mọ̀ pé ojú yín á tètè rí i."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Wọ́n á lé mi. Wọ́n á tún ní ẹnu àna yín lẹ ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè yín ní Màdáámù."

Ó wò ó títí. Ọ̀rọ̀ náà bára mu látòkè délẹ̀, ìyẹn gan-an ni kò sì jẹ́ kọ́kàn rẹ̀ balẹ̀. Nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, irọ́ ló máa ń bára mu tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n lé ọkùnrin náà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì ríṣẹ́ síbòmíràn. Wọ́n fa páìpù dé kòtò. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, Ìyá Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mú agbòjò, ó lọ dúró létí kòtò, ó rí omi pupa tó ń tú yàà jáde. Ẹsẹ̀ ògiri ò tutù. Àwọn èèyàn kó wọlé.

Àbúrò rẹ̀ ò gbé fóònù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé fi omi fọ̀. Wọ́n ti ń jẹun pọ̀ báyìí. Ọkọ ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, ó ń pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn, láàárín ẹ̀rín, obìnrin náà á rí i pé ojú ọkùnrin náà lòun tẹjú mọ́. Ọkùnrin náà máa ń rí i bákan náà, á sì bu ọbẹ̀ kún un.