Bẹ́líìtì Báṣè Bàbá Mi

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí bàbá mi fi ń kó iṣu láti Goro wá sí Tchaourou, báṣè ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́dún kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti jí láàárọ̀. Bàbá á yí kọ́kọ́rọ́, báṣè á kérora díẹ̀, á dákẹ́. Àwọn tó ń lọ sóko á gbé ọkọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á tì í títí yóò fi jí, wọ́n á gbọn eruku ọwọ́ wọn, wọ́n á bá tiwọn lọ. Bàbá ní bátìrì ni. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, báṣè kò yí ìwà padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Cotonou wá là á mọ́lẹ̀ lórí fóònù: bí ọkọ̀ yẹn bá tún dá bàbá dúró sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, títà ni. Inú bí mi. Ẹni tó bá gba báṣè lọ́wọ́ bàbá mi, ẹsẹ̀ bàbá ló gé. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni èmi obìnrin ń ṣe ní Parakou, àwọn ọkùnrin tó ń fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ti ń gbé ọkọ̀ tiwọn wá bá mi báyìí. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo wọ tasí, ó dilé.

Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná lé bátìrì. Iná inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ bátìrì tuntun ni. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Bátìrì yẹn kò kú, ebi ló ń pa á. Mo fi wáyà fa iná láti ara ọkọ̀ aládùúgbò kan, mo ní kí bàbá yí kọ́kọ́rọ́.

Báṣè jí. Igbe kan sì ta lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, fíín, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fi dìde sá. Bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì ló dẹ̀, tó ń yọ̀. Awakọ̀ wo ni kò mọ igbe yẹn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ bàbá mi tó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi.

“Bàbá, ẹ ò gbọ́ nǹkan tó ń ké yìí ni?”

Bàbá rẹ́rìn-ín sí mi láti orí ìjókòó awakọ̀. “Voilà. Mo mọ̀ pé yóò jí.”

Mo lọ sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kò ti lè rí ẹnu mi, mo tún bi í. Kò dáhùn. Mo wo ìyá mi tó ń bẹ iṣu nítòsí. Ìyá mi tẹrí ba, kò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin.

Mo juwọ́ sí bàbá pé kó pa ọkọ̀. Mo tú bóòtù ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, mo fi irin fa ẹ̀rọ náà títí bẹ́líìtì fi le, mo dè é padà. Bàbá tún jí i. Kò ké mọ́, iná sì ń wọ bátìrì bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ mìíràn, ijó ni ǹ bá jó.

Mo dúró níwájú bàbá, mo la ẹnu dáadáa. “Bẹ́líìtì ló dẹ̀. Ó ti ń ké tipẹ́.”

“Láti ìgbà wo?”

Ìyá mi ti dìde. Ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. “Láti ìgbà ọyẹ́.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Ìyá mi nu ọwọ́ mọ́ ìró. “Mo sọ fún yín. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́.”

Bàbá pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí mi.

“Pe ẹ̀gbọ́n rẹ,” ó ní. “Sọ fún un pé kì í ṣe báṣè ló lárùn. Etí mi ni.”

Mo sunkún lójú bàbá mi, ohun tí n kò ṣe láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Èmi ni mo wa báṣè lọ sí Goro lọ́jọ́ náà. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ gbogbo kòtò tó wà níwájú fún mi kí n tó dé ibẹ̀.