Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Jáde?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Alhaja Husainat fi kọ́ni ní ìmọ̀ ìjọba n'Ìbàdàn kí ó tó fẹ̀yìn tì, tí ó sì wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Dublin. Ìjọba Amẹ́ríkà ni apá tí ó fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ Washington, ààrẹ àkọ́kọ́, tí ó ṣe sáà méjì tí ó sì padà sí oko rẹ̀ nígbà tí kò sí òfin tí ó lé e kúrò, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ a rò pé àbúrò bàbá rẹ̀ ni ọkùnrin náà.

Nígbà tí àwọn obìnrin mùsùlùmí kan ní Clondalkin, àdúgbò wọn ní Dublin, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun ni wọ́n ní kó kọ ìwé òfin. Ó kọ ojúewé mẹ́fà. Abala kẹrin sọ pé sáà méjì péré ni ààrẹ lè ṣe, ọdún méjì-méjì. Òun náà ni wọ́n sì yàn ṣe ààrẹ. Ọdún mẹ́rin kọjá wẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, Mọ́nsúrátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tí ó ń ta irun ní Parnell Street, wá fi ọkọ̀ gbé e. Wọn kò tíì dé ìkóríta tí ó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sọ̀rọ̀. A ó yí abala kẹrin padà lónìí, ìwọ ni wàá máa bá a lọ."

"Ta ló rán ẹ?"

"Àbí o fẹ́ kí Ameenah gbà á? Ọmọ tó sọ lójú gbogbo wa pé ò ń ṣe wá bí ọmọ kíláàsì?"

Ọ̀rọ̀ náà ta á. Nọ́ọ̀sì ni Ameenah, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Ohun tí ó dun Husainat jù ni pé lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó já ọmọ náà nírọ́. Ó sì fẹ́ràn àga ààrẹ náà. Bí ó bá wúkọ́ lásán, gbọ̀ngàn a pa rọ́rọ́. Bí ó bá kàn dákẹ́ lónìí, àga di tirẹ̀.

"Ìwọ náà lo sọ fún wa pé wọ́n yan ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹrin ní Amẹ́ríkà," Mọ́nsúrátù tún sọ.

"Roosevelt. Orí àga ló kú sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fi òfin de ipò ààrẹ sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣé àdúrà tí ò ń ṣe fún mi nìyẹn?"

"Astaghfirullah! Ẹnu ẹ yìí!"

Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, Husainat dìde kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó na ọwọ́.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ mi. Èmi ni mo kọ abala kẹrin, n kò sì kọ ọ́ de àwọn ẹlòmíràn nìkan."

Wọ́n dìbò. Ameenah fi ìbò méjì ju ẹnì kejì lọ, ó wọlé.

Àṣà ẹgbẹ́ náà ni pé kò sí ẹni tí ń jáde kí Ìyá Ààrẹ tó jáde. Bí wọ́n ti ṣe àdúrà tán, gbogbo wọn dìde, wọ́n la ọ̀nà fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ameenah fara mọ́ ògiri, ó gbá ìwé òfin mọ́yà. Husainat dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n búra fún Adams, Washington dúró kí ààrẹ tuntun lè ṣáájú òun jáde. Ọdọọdún ni ó ń sọ ìtàn yìí ní kíláàsì.

"Ameenah, bọ́ síwájú."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí n ṣáájú yín kẹ̀? Tí ìyá mi bá gbọ́, mo gbé!"

"Ààrẹ ni mo ní kó máa lọ. Mi ò bá ọmọ ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Ameenah kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, mà."

"Mo bínú. Mo ṣì ń bínú. Dìde, ò ń dá wa dúró."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ameenah dìde, ó fẹ̀gbẹ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó tẹrí ba, ó jáde. Husainat gbé orí sókè, ó tẹ̀ lé e.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, Mọ́nsúrátù ṣì fajú ro. "Ó dáa. Ta ni kó kọ́kọ́ wọ mọ́tò?"

"Èmi ni. Mi ò kọ ìwé òfin kankan fún mọ́tò."