Felicia Alásíìdì àti Ọkọ̀ Tí Kì Í Dún

Bí ènìyàn bá ti Ìjerò ń bọ̀ ní Aramọkọ, kí ó tó dé gáréèjì tí àwọn onítáksí ti ń pe èrò Adó, yóò rí àtíbàbà páànù kan lọ́wọ́ òsì. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn bátìrì ọkọ̀ máa ń kúnlẹ̀ sí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, bí ọmọ ilé-ìwé tí ó pẹ́ dé. Láàrin wọn ni Felicia Ìbíkúnlé ń jókòó sí lórí àpótí, ìró rẹ̀ lu jálajàla níwájú níbi tí ásíìdì ti jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ sì le bí ojú ẹni tí a jí lójú oorun fún ọ̀rọ̀ tí kò nídìí. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ó kàn ti pẹ́ tí ó ti ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ lò ni, kò sì tí ì rí ẹyọ kan nínú wọn tí ó yẹ kí a fi ọkọ̀ lé lọ́wọ́.

Rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Òun ni ó kọ́ ọ bí a ti ń fún bátìrì ní iná: pé kí a má kánjú, nítorí iná àkánjú a máa se awo inú rẹ̀ bí ẹní se ẹ̀fọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, àwọn ẹbí wá yí ṣájà rẹ̀ ká bí ẹni ń wo àgbò lọ́jà, wọ́n ní kí a tà á, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Felicia kò bá wọn jiyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti so bátìrì mẹ́fà mọ́ ọn. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé, ibẹ̀ ni ó sì ti rán ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé-ìwé gíga.

Nínú ọdún wọ̀nyí ni ẹ̀gàn ti di oúnjẹ fún un. Ó gan awakọ̀ tí ó bu omi kànga sínú bátìrì nítorí pé omi ni omi í jẹ́. Ó gan olùkọ́ tí bátìrì rẹ̀ wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, tí ó ní àwọn ará ilé òun ni ó ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀gàn wọ̀nyí, àṣeré ni, títí tí Fọláyẹmí Bámigbóyè fi ti Àbújá dé.

Dáírẹ́tọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí ipò tí ó wà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó kọ́ ilé alájà sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun sì ra ọkọ̀ fún un, irú èyí tí kì í mu epo, tí ó jẹ́ pé iná ni ó fi ń rìn. Ọkọ̀ náà dán, ó sì ga. Àbùkù kan ṣoṣo ni ó ní lójú Dáírẹ́tọ̀: kì í dún. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó ti tan án, tí ó gbé ọwọ́ lé ìdarí rẹ̀ bí ọba, àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó sì bi í tìfẹ́tìfẹ́ pé ìgbà wo ni yóò tan án. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju ẹ̀tẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé, bí ọkọ̀ òun kò bá lóhùn, yóò ní ìmọ́lẹ̀ àti orin, kí ojú òpè lè rí i pé ó wà láàyè.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ọkọ̀, ó gbé e síwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tan iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó sì jẹ́ kí rédíò inú rẹ̀ máa kọ orin ìyìn. Kò tan ọkọ̀ náà tán pátápátá, nítorí pé bí ó bá tan án tán tí ilẹ̀kùn sì ṣí, a máa han gooro, ohùn náà kò sì bá orin mu. Ààbọ̀ títàn ni ó tan án, fún wákàtí mẹ́ta ààbọ̀.

Felicia, tí ó ń jáde bọ̀ láti ìsìn, dúró wò ó. Ó rí i tí iná iwájú náà ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Ó kúnlẹ̀ kí Dáírẹ́tọ̀ bí ó ti yẹ, ó sì sọ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ó pa àwọn iná wọ̀nyí. Pé kò sí ọkọ̀ tí kò ní bátìrì kékeré kan tí ó ń jí i, bó ti wù kí èyí tí ó ń gbé e rìn tóbi tó. Àti pé ti kékeré yìí ni wọ́n ń fà gbẹ.

Dáírẹ́tọ̀ wo ihò ara ìró rẹ̀. “Ìyá Ìníolúwa,” ni ó wí, “ọkọ̀ yìí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ásíìdì. Kọ̀m̀pútà ni. Lọ máa bójú tó àwọn àkúfọ́ rẹ.”

Àwọn ọkùnrin tí ó yí i ká rẹ́rìn-ín. Dúrójayé, alága àwọn onítáksí, ni ẹ̀rín tirẹ̀ pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ni kò yé e rárá.

Oṣù kan kò pé tí ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bí arúgbó tí iyè rẹ̀ ń ra. Lónìí kò ṣílẹ̀kùn. Lọ́la yóò ká dígí etí rẹ̀ pọ̀ láìsí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́. Esther, ìyàwó Dáírẹ́tọ̀, tí òun kò ní ipò kankan tí yóò dáàbò bò, ránṣẹ́ pe Felicia. Felicia ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì bá bátìrì náà níbẹ̀, ó kéré sí ti táksí lásán. Ó gbé e lọ, ó fún un ní iná díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀, ó sì dá a padà. Ó ṣàlàyé fún Dáírẹ́tọ̀ pé ikú ti ń wọ̀ ọ́, kò lè di iná mú pẹ́ mọ́. Kí ó ra tuntun ní Adó kí oṣù tó parí, kí ó má sì tan iná lórí ìdúró mọ́. Dáírẹ́tọ̀ kò gbé ojú kúrò lára ìwé ìròyìn. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun láti òkè òkun pé bátìrì ọkọ̀ náà yóò lo ọdún mẹ́jọ. Ọdún mẹ́jọ bátìrì ńlá ni ó fi dá ti kékeré lóhùn. Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ìsìn ìkórè dé. Ó tún tan iná, ó tún ṣílẹ̀kùn, láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi ta iṣu tí ó kẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ajé, ó tẹ kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò dáhùn. Ó tẹ fóònù tí ó fi ń ṣí i, kò dáhùn. Ó wá lọ sí gáréèjì, ó sì sọ fún ẹni tí ó bá ti ní etí pé alásíìdì obìnrin kan ni ó fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan ọkọ̀ òun tí ó fi kú. Dúrójayé gbé ọ̀rọ̀ náà, ó pín in kiri bí iṣu ọdún.

Láàrin ọjọ́ mẹ́sàn-án, bátìrì mẹ́ta ni ó kù lábẹ́ àtíbàbà náà. Àwọn awakọ̀ ń gbé tiwọn lọ sí Ìjerò. Felicia mọ̀ pé bí oṣù kan bá fi kọjá báyìí, òun yóò ká páànù òun nílẹ̀. Ohun tí ó sì dùn ún jù ni pé ẹni tí yóò ba òun jẹ́ kò tilẹ̀ gbọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni ó gbọ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dé láti wá gbé ọkọ̀ náà lọ sí Èkó. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ti rí òpin ọ̀rọ̀: ní Èkó, wọn yóò fi bátìrì kékeré tuntun sí i, Dáírẹ́tọ̀ yóò padà wá sọ pé wọ́n tún ohun tí òun bàjẹ́ ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò gba òun gbọ́ mọ́ láé. Ó gbé ọ̀kan nínú bátìrì mẹ́ta tí ó kù, èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ní iná yó, ó sì gbé e ka iwájú Dúrójayé ní gáréèjì.

“Gbé e, kí o tẹ̀lé mi,” ni ó wí. “Bí èmi ni mo purọ́, wàá rí i. Bí òun ni, ìwọ ni o bá a tà á.”

Dúrójayé wo àwọn awakọ̀ tó kù, ó rí i pé wọ́n ń wò ó, ó sì gbé e. Mẹ́rin nínú wọn tẹ̀lé e.

Ní àgbàlá Dáírẹ́tọ̀, àwọn tí ó wá gbé ọkọ̀ ti ń ti í láti òwúrọ̀, kò yí. Dáírẹ́tọ̀ wà láàrin wọn nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń pàṣẹ. Nígbà tí ó rí Felicia, ó bèèrè lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ pé kí ni obìnrin yìí tún ń wá. Felicia ní kí ó fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Ó kọ̀. Esther na ọwọ́ sí àpò ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó yọ ọ́, ó sì gbé e fún un.

Felicia tẹ orí kékeré kan lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ náà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ jáde nínú rẹ̀. Oṣù márùn-ún ni Dáírẹ́tọ̀ ti ń gbé e kiri, kò mọ̀ pé irin wà níbẹ̀. Ìwé tí ó sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ọ̀rá rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Felicia ṣílẹ̀kùn, ó fa bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi mítà tí ń wọn iná kan bátìrì náà kí gbogbo wọn lè rí i: fóòtì mẹ́ta péré, níbi tí ó yẹ kí ó ti lé ní méjìlá. Ó fi wáyà méjì so èyí tí Dúrójayé gbé wá mọ́ ọn. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnì tí ń tan án.

Dígí etí ṣí. Ojú kọ̀m̀pútà mọ́lẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé bátìrì ńlá ku díẹ̀ kí ó kún. Kò sí ohun tí ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Èkó wo ara wọn.

Dáírẹ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Gẹ̀ẹ́sì gígùn ṣàlàyé fún wọn pé òun ti ń fura tipẹ́. Nígbà tí ó dúró mí, Felicia dá sí i.

“Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi bà mí jẹ́,” ni ó wí. “Èdè tí ẹ fi sọ ọ́ ní gáréèjì, òun ni kí ẹ fi sọ èyí. Àwọn tí ẹ sọ ọ́ fún ló dúró yìí.”

“Ta ni ìwọ tí—”

“Bàbá Tìmílẹ́yìn,” Esther wí, ohùn rẹ̀ kò ga, “ẹ sọ ọ́. Ojú ti ń tì mí láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

Dáírẹ́tọ̀ sọ ọ́, táyà ọkọ̀ ni ó sì ń wò. Ní èdè Aramọkọ ni, bí ẹni tí kò tí ì lọ sí ibìkan rí: pé obìnrin yìí kìlọ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mejì, pé òun kò gbọ́, pé òun ni ó fi iná àti orin pa bátìrì náà, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Dúrójayé ní ọkọ̀ akẹ́rù ń pariwo, òun kò gbọ́ dáadáa. Dáírẹ́tọ̀ tún un sọ.

Felicia rò pé inú òun yóò dùn. Kò dùn. Ohun tí ó rí níwájú rẹ̀ ni arúgbó onísíńgílẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀gàn tí òun gbé wá sì ti tóbi ju ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ lọ. Ó tú wáyà rẹ̀, ó ní kí Dáírẹ́tọ̀ máa wà á lọ tààrà sí Adó, kí ó má pa á lójú ọ̀nà títí yóò fi dé ilé ìtajà bátìrì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bátìrì mọ́kànlá ti wà lábẹ́ àtíbàbà kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ti Dúrójayé ni ó kọ́kọ́ dé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Felicia ṣí ihò rẹ̀ wò: ó gbẹ bí odò inú ọyẹ́, pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ omi kànga sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìníolúwa, èrò Ìdó-Ilé ń dúró dè mí,” ni ọkùnrin náà wí.

Felicia ní kí ó gbé e lọ sí ìdí ọ̀wọ́, lẹ́yìn ti gbogbo ènìyàn.