Ẹ̀rín Bàbá Mi Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé yàrá kan nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má rò pé mò ń ṣàsọdùn o. Mẹ́sẹ́ńjà ni ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Márínà. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè ló ń gbé fáìlì gun àtẹ̀gùn, tó ń wí fún àwọn ọmọ tó lè bí pé "yẹ́sà, yẹ́sà." Bó bá délé, á jẹun, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, tí àwọn aláwàdà bá bẹ̀rẹ̀ eré lórí rédíò, bàbá yìí kan náà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa dà lójú ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, àwàdà wo lẹ gbọ́ rí? Mo máa ń wo ti orí tẹlifíṣọ̀n yín. Ẹnì kan á wọ ṣòkòtò tó tóbi jù ú lọ, á ṣubú, wọ́n á ní ká rẹ́rìn-ín. Kí ló pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Lórí rédíò, kò sí ṣòkòtò tí ẹnikẹ́ni máa rí, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ahun kan wà nínú eré náà tó máa ń gbọ́ òórùn ẹnu ìyàwó ẹ̀ bóyá ó ti jẹ ẹran kí òun tó dé. Mi ò rí ojú ẹ̀ rí, àmọ́ tí mo bá pàdé ẹ̀ ní Tinúbú lónìí, màá dá a mọ̀. Pódíkáàsì yín ló tún wá burú jù. Èèyàn méjì á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí méjì, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Ṣé bí olóúnjẹ ṣe ń jẹ ọjà ẹ̀ tán kọ́ nìyẹn?

Ìyá mi, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Balógun, ló ra rẹ́kọ́dà àlòkù kan wálé, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba eré náà sílẹ̀. Rédíò lọ́tọ̀, rẹ́kọ́dà lọ́tọ̀, torí náà màá gbé ọ̀kan síwájú èkejì, màá ní kí gbogbo ilé panu mọ́. Ta ló lè pa bàbá mi lẹ́nu mọ́? Ẹ̀rín ẹ̀ máa ń bo ohùn àwọn aláwàdà mọ́lẹ̀. Inú á bí mi, màá ní, "Bàbá, ẹ tún ti bà á jẹ́!" Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ní, ti ọ̀sẹ̀ yìí ni mo máa ń gbà lé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí. Nígbà tó yá, àìsàn tí a pè ní kékeré ṣe bàbá mi, ó sì kú. Sọ́ńdè tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn ló kù nínú kásẹ́ẹ̀tì náà.

Mo ṣẹ́ ike kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n: tí èèyàn bá ti ṣẹ́ ike yẹn, rẹ́kọ́dà ò ní gbà kí wọ́n gba ohùn míì lé e mọ́, àfi tí wọ́n bá wá nǹkan dí ojú ihò náà.

Obìnrin kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, lééṣì ló ń tà ní Balógun, Àǹtí Onílééṣì la máa ń pè é. Nígbà tó bímọ, tí wọ́n fẹ́ kó ọmọ jáde, ó wá yá rẹ́kọ́dà lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ní òun máa ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Ilé ìwé ni mo wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé tí mo ṣí rẹ́kọ́dà, kásẹ́ẹ̀tì mi ló wà níbẹ̀. Bébà aláwọ̀ wúrà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara lééṣì ló sì wà lójú ihò tí mo ṣẹ́. Ẹ gbọ́ mi yé o, kì í ṣe àṣìṣe. Ó rí ihò náà, ó mọ ohun tí ihò náà ń wí, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ dí i.

Mo tẹ rẹ́kọ́dà. Àdúrà àfáà ni mo gbọ́, lẹ́yìn ẹ̀ ni ọkọ Àǹtí ń pe orúkọ ọmọ, àmín ṣáá ló tẹ̀ lé e. Mo sunkún wọ yàrá ẹ̀.

"Àǹtí, bàbá mi lẹ pa rẹ́ yìí!"

Ó ń fún ọmọ lọ́mú, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ yìí, ojú ò tì ẹ́! Torí ẹ̀rín lásán lo ṣe ń ké mọ́ mi? Ṣebí wọ́n tún máa ṣe é ní Sọ́ńdè. Lọ gba òmíì."

Ẹ̀rín lásán! Mo di ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Nígbà tó wá béèrè kásẹ́ẹ̀tì ìkómọ ẹ̀, mo ti ṣa kásẹ́ẹ̀tì kan tó ti bàjẹ́ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, mo fa ìfun ẹ̀ jáde wúruwùru, mo kó o lé e lọ́wọ́, mo ní rẹ́kọ́dà ti jẹ ẹ́. Ó pòṣé, ó dà á nù. Ọmọ yẹn ò tíì rìn tí ọkọ Àǹtí fi kú sí ọ̀nà Ìbàdàn. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ó kan ilẹ̀kùn wa, ojú ẹ̀ ti jìn.

"Jọ̀ọ́, ṣé ó dá ẹ lójú pé kásẹ́ẹ̀tì yẹn ò ṣeé tún ṣe? Mi ò ní ohùn ẹ̀ níbòmíì."

Mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Àǹtí, ó ti bàjẹ́." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, ẹ dá a. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, ó dùn dénú egungun. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

Kásẹ́ẹ̀tì gidi náà wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Ìkómọ náà ò gùn tó láti pa gbogbo eré náà rẹ́, ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyẹn. Lẹ́yìn àmín ìkẹyìn, ẹ óò gbọ́ "kàù" níbi tí wọ́n ti pa rẹ́kọ́dà, ẹ̀rín bàbá mi á bẹ́ jáde láti àárín, kò ní tó ìṣẹ́jú kan, ó tán. Mo máa ń sọ fún ara mi pé tí mo bá fún obìnrin yẹn ní ọkọ ẹ̀, mo ti fún un ní bàbá mi náà nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ tí wọ́n kó jáde lọ́jọ́ náà wá bá mi nílé. Ó ti di ìyá ọmọ, pódíkáàsì ló sì ń ṣe. Ó gbé máíkì kékeré síwájú mi, ó ní kí n sọ̀rọ̀ nípa àwàdà rédíò àtijọ́. Mo sọ ọ́ dáadáa, mo sì bú pódíkáàsì mọ́ ọn lójú, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ó wá rọra béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé lóòótọ́ ni rẹ́kọ́dà yín jẹ kásẹ́ẹ̀tì ìkómọ mi? Màámi ló sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ohùn bàbá mi rí."

Àpótí tí kásẹ́ẹ̀tì náà wà ò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ sí ibi tí a jókòó sí. Mo ní, "Ó jẹ ẹ́, ọmọ mi."

Nígbà tó gbé ètò náà jáde, mo tẹ́tí sí i. Ó kọ́kọ́ pe orúkọ ara ẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Orúkọ tí mo ti gbọ́ lẹ́nu bàbá ẹ̀ láìmọye ìgbà, tí òun ò gbọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ irọ́ mi, ketekete.

Ayé ti yí o. Nígbà tiwa, bébà kékeré ti tó láti fi pa èèyàn rẹ́. Ní báyìí, irọ́ mi wà lórí fóònù àwọn tí mi ò mọ̀ rí, kò sì sí ihò kankan tí mo lè dí. Ọmọ tí mo bí tún wá sọ fún mi pé wọ́n lè da ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì sórí fóònù, kí tèmi wà lọ́wọ́ mi, kí tiwọn wà lọ́wọ́ wọn. Àwáwí mi tán nìyẹn. Ìbínú ló kù, ìyẹn ò sì tíì tán.

Mo pe ọmọ Àǹtí lánàá. Mo ní irọ́ ni mo pa, kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kí ìyá ẹ̀ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá gbà á. Sọ́ńdè ni mo dá fún un, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màá gbé àga fún un, màá jẹ́ kó gbọ́ ọkọ ẹ̀ dé àmín ìkẹyìn. Kò sì gbọdọ̀ dìde o. Ó máa jókòó gbọ́ bàbá mi tán, lẹ́yìn náà kó wá wò mí lójú, kó tún sọ fún mi pé ẹ̀rín lásán ni.