Ta Ló Yọ Pákó Má-Pariwo Kúrò Lórí Ìṣó?

Ẹ̀ṣọ́ igbó tí gbogbo wa ń pè ní Má-Pariwo ti kú. Inú igbó ìjọba tó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣọ́ náà ló kú sí, ní ìsàlẹ̀ àpáta tí omi ti ń já wálẹ̀, pẹ̀lú itan tó kán. Kì í ṣe erin ló pa á. Ẹfọ̀n kọ́, erinmi kọ́, ejò kọ́. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ló pa á, mo sì fẹ́ kí wọ́n ka ohun tí mo kọ yìí kí tíì àárọ̀ wọn tó tutù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá a pàdé rí. Òun ló máa ń mú àlejò wọ igbó. Bí ẹ bá ti kọjá ẹnu géètì, á yíjú sí yín, á fi ìka lé ètè, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Àwọn ẹranko la wá bá nílé." Lọ́jọ́ tí èmi àti ọmọbìnrin mi tẹ̀ lé e, a rí ìyá erin kan tó ń mú ọmọ rẹ̀ kọjá odò. Kí a tó mí dáadáa, fóònù ọ̀gbẹ́ni kan ké tantan láàárín wa. Ìyá erin dúró, ó na etí. Má-Pariwo rọra gba fóònù lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà, ó pa á, ó fi í sínú fìlà ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Bí ìyá yẹn bá gbà á lọ́wọ́ yín, kò ní dá a padà." A fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín títí tí ikùn fi ń dùn wá.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbá yàrá ńlá tí àwọn àlejò ti ń jẹun. Bí iṣẹ́ bá tán, tọkọtaya á jókòó síbẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa wo igbó ìjọba àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ó fẹ́ràn béárì, ẹranko ńlá onírun tó ń dúró láàárín odò kí ẹja lè fò bọ́ sí i lẹ́nu. Á ní, "Ìyá wọn, ẹ wo ọ̀lẹ yìí! Èmi tí mo ní àwọ̀n, ṣé mo rí irú ẹja yẹn pa rí?" Ó wù ú kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀ lọ sókè. Ìyàwó rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ omi ilé ṣe ná.

Ọkùnrin yìí ni wọ́n ní ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú ara rẹ̀. Ohun tí àtẹ̀jáde ọ́fíìsì wọn sọ nìyẹn: pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó wọ igbó. Irọ́ ni. Irọ́ gbuu ni, wọ́n sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Pátákó kan wà ní ẹnu géètì tí wọ́n kan ìṣó mọ́. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ní pákó kékeré tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, tó sì ya àmì tirẹ̀ sí. Bí ó bá ń wọlé, á fi í kọ́. Bí ó bá jáde, á yọ ọ́. Bí oòrùn bá wọ̀ tí pákó kan bá ṣì wà lórí ìṣó, ẹnikẹ́ni kì í lọ sílé, àti agbóúnjẹ, àti dírẹ́bà, àti ọ̀gá. Gbogbo wọn á gbé tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wá ẹni náà lọ. Ìjàpá ni Má-Pariwo ya sí tirẹ̀. Ó ní orúnkún òun ló yan ẹran náà fún òun.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó fi pákó rẹ̀ kọ́ láàárọ̀, ó sì lọ yẹ igi ìdìmú etí àpáta wò, èyí tó ti ń pariwo fún àwọn ọ̀gá láti ìgbà òjò pé ó ti jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà a máa pariwo nígbà tó bá yẹ. Wokitókì tó mú lọ́wọ́ ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Igi jẹrà náà dá mọ́ ọn lọ́wọ́, òun náà sì já bọ́ sí ìsàlẹ̀ àpáta.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní géètì lákòókò yẹn? Àwọn ẹni ńlá ń bọ̀ wá ṣèbẹ̀wò. Ọ̀gá àgbà wo pátákó, ó ní kí ni gbogbo pákó jákujàku yìí ń ṣe lójú ọ̀nà, ẹ kó wọn kúrò. Ẹ̀ṣọ́ tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ló sọ fún mi. Wọ́n kó wọn, wọ́n sì gbé àwòrán erin gàgàrà kan kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, kò sí pákó kankan lórí ìṣó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dé rò pé oníkálukú ti dé. Ìyàwó rẹ̀ rò pé àwọn àlejò ló dá a dúró. Gbogbo wọn lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí i pé ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ti so ó mọ́ ẹ̀ka igi kó lè hàn lókèèrè. Ẹ dákun, ẹ rò ó wò. Ẹni tó so ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ igi ń retí èèyàn ni. Ó mọ̀ pé pákó òun wà níbẹ̀. Ó fọkàn balẹ̀, ó ń dúró dè wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Lọ́dún yìí kan náà, erin àgbà kan kú nínú igbó yẹn. Wọ́n ṣe àpérò, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n gbé agbárí rẹ̀ sínú gíláàsì, wọ́n tan iná sí i, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Mi ò bínú sí erin. Má-Pariwo gan-an ìbá sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ẹ̀yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́, kí ẹ wo ibi tí wọ́n sin ín sí. Koríko ti bò ó. Kò sí òkúta, kò sí orúkọ. Ṣé torí pé kò ní ọwọ́jà ni?

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó fún mi ní àga, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló ní kí wọ́n yọ pákó rẹ̀?"

Ó ní, "Pákó wo? Kò fi pákó kankan kọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, oníròyìn wa."

Bí mo ṣe jáde, ìyàwó olóògbé ń dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó tú etí ìró rẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, ìjàpá wà lára rẹ̀. Nínú garawa ìdọ̀tí ló ti rí i, nígbà tó ń da òdòdó àwọn àlejò nù.

Ó ní, "Bàbá wọn fi pákó yìí sọ fún ọ́fíìsì pé òun wọ igbó. Àwọn ni wọ́n da ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìdọ̀tí. Ẹ bá mi sọ fún wọn, kí wọ́n má ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lójú àwọn ọmọ mi."

Mo ń sọ ọ́ nìyí. Ẹ gbé àwòrán yẹn kúrò, kí ẹ dá àwọn pákó padà sórí ìṣó. Ẹ fi pákó ìjàpá yẹn kọ́. Ẹ kó irọ́ yín jẹ ní gbangba, kí ẹni tó pàṣẹ jáde wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni, kí wọ́n sì gbé e lọ síbi tó ti máa jẹ́jọ́. Títí ìyẹn á fi ṣẹlẹ̀, òfin géètì náà ṣì dúró, kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín kalẹ̀, kí ẹ padà jókòó. Lójú tiwa, pákó kan ṣì wà lórí ìṣó.