Orúkọ Ara Pátákó Tí Ẹnu Mi Kò Gbọdọ̀ Pè

Adéṣínà Àkànní, ọmọ Fágbèmí, ọmọ olókè Ṣábẹ̀ẹ́ tí àlejò ń rí kó tó rí ilé, ọmọ a-gbé-èrò-má-já-èrò-sílẹ̀, awakọ̀ tí ń kí àgbà, tí ń kí ewúrẹ́ àgbà pẹ̀lú. Ó dáa. Mo ti kọ orúkọ ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà mí lé ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, orúkọ yẹn kò jáde lẹ́nu mi rí. Ọwọ́ ni mo fi pè é yìí.

Mo rántí ìgbà tí àwọn ológun wá sọ fún wa pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo tó fún gbogbo wa, bí ẹni pé àwa la ń sunkún ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn di kámáráàdì. Arúgbó tí kò lè dìde, kámáráàdì ni. Ewúrẹ́ nìkan ló bọ́ ńbẹ̀. Wọ́n ní ìyípadà ti dé, ayé àtijọ́ ti lọ, wọ́n sì fi bọ́ọ̀sì kan ṣe ẹ̀rí: àlòkù tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀, tí yóò máa ti gáà rélùwéè, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, gba àdúgbò wa kọjá, títí dé etí ìlú lójú ọ̀nà Kábùà. Ọkọ mi ni wọ́n fún wà. Níwọ̀n bí ìyípadà ti ní obìnrin pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, tí èmi sì ti mọ ìwé díẹ̀ kà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbà, èmi ni wọ́n ní kí n máa gba tíkẹ́ẹ̀tì, kí n sì máa pe orúkọ ibùdókọ̀ ketekete.

Ẹni tó kọ àwọn orúkọ náà sára pátákó ibùdókọ̀ ni akọ̀wé ìjọba kan tí wọ́n gbé wá láti Àjàṣẹ́. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n ìwé ti kún orí rẹ̀ débi pé kò sáyè fún nǹkan mìíràn. Ó ń dúró níwájú ilé, ó ń béèrè ẹni tó nilé, ó sì ń kọ orúkọ onítọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ ilé ẹbí ọkọ mi ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà náà. Ibùdókọ̀ àkọ́kọ́: Fágbèmí, baba ọkọ mi. Èyí tó tẹ̀ lé e: Búráímọ̀, àbúrò baba, tó gba ẹ̀sìn Ìmàle. Lẹ́yìn náà: Àbẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà, ilé wa gan-an ni: Adéṣínà. Ìjọba ọlọ́gbọ́n. Ó ṣa gbogbo orúkọ tí ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ pè, ó tò wọ́n sójú ọ̀nà kan, ó wá gba ìyàwó ilé síṣẹ́ kó máa fi igbe pè wọ́n láàárọ̀, lálẹ́.

Ohun tí gbogbo ìyàwó ń ṣe ni mo ṣe: mo fún wọn lórúkọ tèmi. Baba ọkọ mi di Baba Abẹ́-Ìṣin, nítorí igi ìṣin tó ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Búráímọ̀, tí ikùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun tó wọlé, mo pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Àbẹ̀ní, tí eyín méjì péré kù sẹ́nu rẹ̀, di Eyínfúnjowó. Inú rẹ̀ dùn, ó ní èmi nìkan ni mo mọ ẹwà. Bí a bá dé ìkẹyìn, "Ilé o" ni mò ń wí. Kò sí èrò kan tó ṣìnà.

Àfi ìgbà tí ẹnìkan lọ sọ fún kòmítẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú náà, pé mò ń fi àṣà àtijọ́ ba iṣẹ́ ìyípadà jẹ́. Wọ́n rán ọ̀gá kan wá láti Kútọnu. Ó ní bí òun kò bá gbọ́ orúkọ tó wà lára pátákó, wọn yóò gba bọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ wa, Parakú ni yóò lọ. Bọ́ọ̀sì yẹn ló gba ọkọ mi lọ́wọ́ ebè iṣu. Ọkọ mi wò mí, ó ní kí n ṣe é bó bá ṣe yẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́, kí n má sì pe baba òun lórúkọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ ìpè mi, baba ọkọ mi wọ agbádá, ó wọkọ̀ ní gáà, ó jókòó síwájú pátápátá. Kò níbi tó ń lọ. Ó wá gbọ́ bí ìyàwó ilé rẹ̀ yóò ṣe bú u ni. Ọ̀gá jókòó tì í, akọ̀wé dúró lẹ́yìn wọn. A dé ìdí igi ìṣin. Ọ̀gá ní:

"Kámáráàdì, pe ibùdókọ̀."

Mo wo pátákó, mo wo baba. Mo kúnlẹ̀ láàárín ọkọ̀. "Baba Abẹ́-Ìṣin o."

Ọ̀gá ní kí awakọ̀ pè é. Ọkọ mi ní baba tó bí òun nìyẹn. Ọ̀gá yíjú sí èrò pé kí wọ́n pè é: ìyàwó ilé, ọmọ ilé, àna ilé. Gbogbo wọn ń wo òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lójú fèrèsé bí ẹni tí kò rí i rí. Ló bá ní kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ ka ohun tó kọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn. Akọ̀wé ti ń fẹ́ ọmọ Búráímọ̀, wọ́n sì ti gba obì rẹ̀. Ó ti di àna gbogbo pátákó wa. Ó wo baba, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ọkọ̀, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Ọ̀gá, ọ̀fun ló ń dùn mí."

Baba ọkọ mi ló wá sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìyàwó tiyín nílé ńkọ́, kí ló ń pè yín?"

Ọ̀gá na ọwọ́ sí ojú ọ̀nà. Ó ní kí ọkọ̀ máa lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi gbé ọ̀dà ìjọba dé, wọ́n kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n kọ Eyínfúnjowó gàdàgbà sára pátákó. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìyípadà tó fẹ́ pa àṣà run náà ti wolé. Bọ́ọ̀sì kò lọ Parakú. Ṣábẹ̀ẹ́ níbí ló kú sí, lọ́wọ́ ọkọ mi, nígbà tí owó ìjọba tán.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ tó fi alùpùpù gbé mi bi mí bóyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ti máa sọ̀. Mo ní ta ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ní, "Àdúgbò ni, màmá." Fágbèmí ti lọ, Búráímọ̀ ti lọ, Àbẹ̀ní kó eyín rẹ̀ méjèèjì lọ. Èmi tí n kò gbọdọ̀ pè wọ́n ni mo kù tí mo mọ orúkọ wọn.

Kí wọ́n tó da erùpẹ̀ bo ọkọ mi, wọ́n ní kí ìyàwó pe orúkọ rẹ̀, kó fi dágbére. Ẹnu mi kọ̀. "Ilé o" ni mo wí. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá yìí ni a sin ín, lẹ́yìn ilé wa, níbi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń yí padà.