Ojú Tí Ìyá Àgbà Fi Ń Wo Odò

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tí ẹsẹ̀ mi ṣì tín-ín-rín bíi ti lékeléke, iṣẹ́ kan wà lọ́rùn mi tí ọmọ mìíràn kò ní ní gbogbo agbo ilé wa ní Ẹdẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbálẹ̀, wọ́n ń fọ abọ́, wọ́n ń pọn ọmọ. Èmi náà ń ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ má rò pé wọ́n dá mi sí. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èmi ni mo máa ń lọ wo odò, láti mọ̀ bóyá ó jí ire.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà kí ẹ̀rọ omi tó wọ gbogbo ilé, ẹ ó rántí bí nǹkan ṣe rí. Omi ìjọba máa ń wá nígbà tó bá wù ú, ó sì máa ń lọ láìdágbére. Kànga inú agbo ilé wa kì í pẹ́ gbẹ tí ọyẹ́ bá ti dé. Odò kékeré kan tó ń ṣàn bọ̀ láti ọ̀nà Alájùé, tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá lọ sínú Ọ̀ṣun, òun la gbójú lé. A kì í pè é lórúkọ kankan. Odò là ń pè é, nítorí pé kò sí òmíràn tí a ń mu. Òun la fi ń po ògì, òun la fi ń se ẹ̀wà, òun la fi ń ṣe àlùwàlá. Tí ó bá sun inú àmù mọ́jú, ó máa ń tutù débi pé á máa ta èèyàn léyín, ó sì ní adùn kan tó jọ ti ewé tútù àti amọ̀ díẹ̀. Gàrí tí mo bá fi omi yẹn mu, pẹ̀lú ẹ̀pà yíyan, máa ń jẹ́ kí n gbàgbé gbogbo ẹgba tí mo bá jẹ lọ́jọ́ náà. Ẹgba náà kì í sì í ṣe kékeré.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ṣọ́ odò náà. Kò sẹ́ni tó fi í jẹ oyè rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé òun wọlé níyàwó, ìyá ọkọ òun lòun bá nídìí iṣẹ́ náà, nígbà tí ìyẹn sì kú, òun kàn bá a lọ. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, yóò gòkè lọ síbi tí omi ti máa ń sinmi lábẹ́ igi ọparun kí ó tó ṣàn sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí a ti ń pọn ọ́n. Yóò wò ó, yóò bu díẹ̀ sínú kèrègbè, yóò padà wálé. Gbogbo àwọn ìyàwó ilé á ti tò síwájú ilé pẹ̀lú korobá àti garawa, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti nǹkan bọ odò kí ó tó dé. Yóò da omi inú kèrègbè sínú ife, yóò sọ pé omi dára, yóò sì mu ún lójú gbogbo wọn.

Òfin agbo ilé wa nìyẹn: ẹni tó bá ní omi dára ni yóò kọ́kọ́ mu ún. Bí Ìyá Àgbà kò bá mu, ẹnikẹ́ni kò ní pọn. Àwọn ìyàwó ilé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn kò bẹ̀rù ọlọ́pàá tó bí àwọn ṣe bẹ̀rù ife yẹn.

Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Kì í ṣe nítorí pé mo gbọ́n. Ọmọ atọpinpin ni mí. Kò sí ìkòkò tí n kì í ṣí wò, kò sí ọ̀rọ̀ àgbà tí n kì í tẹ́tí sí. Ó ní ìwà tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ nà mí láti ọjọ́ yìí, òun ti rí ohun tí òun máa fi ṣe.

N kò lè gbàgbé ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó gbé àwo tánganran funfun kan fún mi, ó ní kí n fi bu omi létí odò, kí iyanrìn díẹ̀ àti ewé jíjẹrà bá a wọlé. Ó ní kí n gbé e ka orí òkúta, kí n pa ẹnu mi dé, kí n ka Fátíhà lẹ́ẹ̀méje nínú ọkàn mi kí n tó sọ ohun tí mo rí. Mo ka mẹ́ta, mo ní, “Ìyá Àgbà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Ó ní kí n ka tèmi tán.

Ibi tí mo ti ń ka ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni iyanrìn ti gbéra, tó ń rìn. Mo tẹjú mọ́ ọn. Kòkòrò kan ló lẹ iyanrìn mọ́ ara rẹ̀ bí ẹ̀wù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tò létòlétò, orí rẹ̀ tó kéré ju ti abẹ́rẹ́ sì yọ síta. Igi gbígbẹ kan tí mo ti ń wò látẹ̀ẹ̀kan na ẹsẹ̀ mẹ́fà. Edé kan kọjá, ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, débi pé mo rí oúnjẹ nínú ikùn rẹ̀, mo sì rí nǹkan kan tó ń lù kìkì ní àyà rẹ̀. Ọmọ lámilámi wà níbẹ̀, aláìníyẹ̀ẹ́, tó burẹ́wà bí ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Nígbà tí Ìyá Àgbà ní kòkòrò náà ni yóò gòkè wá, tí yóò bọ́ awọ sílẹ̀, tí yóò sì fò lọ, mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Orí mi wú. Omi tí mo ti ń mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, odindi ìlú ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bímọ, n kò sì mọ ẹnì kan níbẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo mọ̀ wọ́n. Edé àti èyí tó wọ ẹ̀wù iyanrìn kì í gba ẹ̀gbin. Tí odò bá ti ń ṣàìsàn, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìṣáwùrú lè fara dà á díẹ̀. Kòkòrò pupa tín-ín-rín kan wà tó jẹ́ pé kò sí ìdọ̀tí tí kò lè gbé. Ìyá Àgbà ní ìyẹn kò nítìjú rárá, tí mo bá rí i pé òun nìkan ló kù, kí n gbé àwo mi kí n máa bọ̀ nílé. Bí mo bá ti sọ ohun tí mo rí fún un, yóò bi mí léèrè tibí tọ̀hún, lẹ́yìn náà, èmi ni yóò ní kí n mu omi inú ife. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń mu omi kí àwọn ìyàwó ilé tó rìn, ẹ wo bí orí mi ṣe máa wú tó. Mo di agbéraga, ká sọ òótọ́.

Ó tó ọdún kan tí mo ti ń ṣe é nígbà tí ìyàwó àbúrò bàbá mi, Àǹtí Rámátù, bímọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tó ti ń wojú Ọlọ́run. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọyẹ́ mú gan-an, orúnkún kò sì jẹ́ kí Ìyá Àgbà lè bá mi lọ. Wọ́n ní kí n má pẹ́, nítorí pé omi òwúrọ̀ yẹn ni wọn yóò tọ́ sí ọmọ náà lẹ́nu.

Lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ agbo ilé kejì ti dáná sí ewé gbígbẹ, wọ́n ń yáná, wọ́n sì ń sun iṣu. Wọ́n fún mi ní ègé kan, pẹ̀lú epo àti iyọ̀. Mo ní kí n kàn yá ọwọ́ mi níná díẹ̀. Nígbà tí n ó fi gbójú sókè, oòrùn ti yọ. Dípò kí n gòkè lọ sábẹ́ ọparun, mo sáré sọ̀ kalẹ̀ síbi tí a ti ń pọnmi, mo bu omi sínú kèrègbè láìwo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì yí padà. Mo ń sọ fún ara mi pé látìgbà tí mo ti ń lọ, n kò tíì bá a kí ó burú rí. Kí ló máa yí padà ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo?

Àwọn ìyàwó ilé ti tò. Àǹtí Rámátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ nínú aṣọ funfun. Ìyá Àgbà bi mí ní ohun tí mo rí. Ohun tí mo rí lánàá ni mo kà fún wọn, láìfi ọ̀kan sílẹ̀, ohùn mi ń já geere. Mo na ọwọ́ sí ife. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní, “Ọmọ yìí, àlejò wa tòní, ti pẹ́ kó tó dé. Èmi ni n ó mu omi rẹ̀. Ohun tí ìwọ bá ti rí, èmi náà rí i.”

Wọ́n gbé ife sẹ́nu. Mo wo ọ̀fun wọn tó gbé omi mì. Mo ní, “Ẹ má mu ún mọ́, Ìyá Àgbà. N kò dé ibẹ̀.”

Ìyá Àgbà da omi tó kù nínú ife sílẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo ìyàwó ilé gbé garawa kalẹ̀. Wọn kò gbá mi létí. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ. Bí orúnkún ṣe ń dùn wọ́n tó, a gòkè lọ sábẹ́ ọparun.

Ibẹ̀ dákẹ́. Àwọn kòkòrò dúdú tó máa ń pòyì lójú omi kò sí níbẹ̀. Àwọn ẹja kéékèèké dojú ikùn sókè létí odò, edé ti funfun bí èyí tí a bọ̀, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó sì bo gbogbo ibẹ̀. Àwọn kan ti da oògùn sódò láti fi pa ẹja. Wọ́n ti ṣa èyí tó tóbi, wọ́n sì ti lọ. Ìyá Àgbà kò rí i, èmi ni mo ń sọ ọ́ fún wọn. Mo bu omi sínú àwo, mo ka Fátíhà méje, omijé ń bọ́ sínú rẹ̀. Iyanrìn kò rìn.

Kí a tó délé, inú ti ń lọ́ Ìyá Àgbà. Àwọn ará ilé fún wọn ní epo mu kí wọ́n lè bì, wọ́n sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, níbi tí Ìyá Àgbà ti sùn fún ọjọ́ méjì. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ló fi ọmọlanke ti omi kànga tiwọn wá fún ìsọmọlórúkọ. Ọmọ jẹ orúkọ, àlejò jẹun. Èmi kò jẹ. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà ń bọ̀ wálé, kò sẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀ fúnra mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn títí wọ́n fi dé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti béèrè ẹni tó máa lọ wo odò lọ́la. Wọ́n ní, “Ìwọ ni.” Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Ojoojúmọ́ ni mo lọ. Mo ń kà, n kò rí nǹkan kan, mo sì ń sọ pé n kò rí nǹkan kan. Òjò àkọ́kọ́ kó àwọn kòkòrò dúdú padà wá. Lámilámi kan bà sórí ọparun. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, mo ń ka ẹ̀ẹ̀kẹfà lọ́wọ́, ẹyọ iyanrìn bíi mẹ́wàá gbéra pọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. N kò mọ ibi tí wọ́n ti wá, n kò sì mọ ẹni tó sọ fún wọn pé ilé ti dára. Mo bú sẹ́kún. Títí di òní, n kò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ayé ti yí. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí báyìí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹdẹ níbí. Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́. Ilé gbogbo ti gbẹ́ bọ́húù, omi inú ọ̀rá kún ilẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ sì kún ojú odò. Àwọn tó ń wa wúrà lókè ti sọ Ọ̀ṣun di omi tó pọ́n bí amọ̀. Ní gbogbo Sátidé, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń lọ wo odò. A ní bébà tó ń yí àwọ̀ padà nínú omi, a ní ohun tí a fi ń wọn bó ṣe gbóná sí, a ń fi fóònù ya àwòrán. A ń kọ ọ́ sínú ìwé, a sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó yẹ. Ìmọ̀ tiwa ju ti Ìyá Àgbà lọ, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, gbogbo ilé ló ń dúró de ẹni tó lọ wo odò. Nísinsìnyí, a máa ń lọ, a máa ń bọ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè.

Àfi Sátidé tó kọjá. Iná kò sí, bọ́húù kò ṣiṣẹ́, obìnrin kan láti Alájùé sì ti pọn korobá kan kún. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó rí wa pẹ̀lú ìwé wa, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dára?”

Mo ní kí ó fún mi láyè díẹ̀. Mo wò ó dáadáa, mo sì ní, “Kò dára, ìyá. Ẹ má mu ún.”

Kò bi mí ní ohun tí mo rí. Ó da korobá náà nù lójú mi, gbogbo rẹ̀, ó gbọn ún, ó gbé e karí, ó sì mú ọ̀nà omi mìíràn tó jìn pọ̀n.